Ta ni obìnrin tó kọ́kọ́ di lọ́yà l'Ékòó, kí ló sì fi ṣe?

ỌmọÌtaFájì
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkó. A ṣe ìnáwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ní Campos lọ́jọ́ Sátidé. Bí jíjẹ mímu ṣe ń lọ ni iyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì àwọn àgbà. Ẹnì kan ní Lady Kofo Ademola ni obìnrin tó kọ́kọ́ di lọ́yà láàrin wa. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, Folake Solanke ni. Bàbá kan tó jókòó sí igun ní ọmọ Alakija ni, ó sì fi ìyá rẹ̀ búra. Ọmọ tuntun yìí wá ń bi mí pé ta gan-an ló la ọ̀nà tí òun ń tọ̀, ẹnu mi sì wọhò. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ dákun, ẹ là á yé mi. Orúkọ nìkan ò tó mi o. Mo fẹ́ mọ ohun tó fi iṣẹ́ náà ṣe.

Lọ́yàSúrùlérè
Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí àbúrò wa. Olúwa á jẹ́ kí wíìgì náà fúyẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lady Kofo Ademola kì í ṣe lọ́yà. Oxford ló lọ, òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè níbẹ̀, ní 1935. Olùkọ́ ni. Ṣùgbọ́n Eric Moore tó bí i, lọ́yà ni, ọkọ rẹ̀ Adetokunbo Ademola ló sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí. Ibẹ̀ ni òfin ti ràn mọ́ màmá lára. Folake Solanke ní tirẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di SAN, oyè àwọn àgbà lọ́yà, ní 1981. Ẹ tún máa gbọ́ orúkọ Modupe Omo-Eboh, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1922: òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà, ní 1969.

Ẹni tó ṣáájú gbogbo wọn ni Stella Thomas. 1933 ló di lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kò sí obìnrin kankan níwájú rẹ̀.

BàbáBáríga
Stella Thomas? Ọdún mélòó ni mo ti ń gbé Èkó, n ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ṣé Yorùbá ni?

SàróOlówógbowó
Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá. Ọmọ Sàró ni, àwọn tí ìdílé wọn ti Sierra Leone wá. Ẹ mọ̀ pé Sàró àti Yorùbá, kò sí ọ̀bẹ tó lè gé wọn sọ́tọ̀ l'Ékòó. Èkó ni wọ́n ti bí i, ní 1906. Peter J. C. Thomas ni bàbá rẹ̀, ọmọ Sierra Leone tó wá tẹ̀dó síbí, oníṣòwò ńlá ni, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Lagos Chamber of Commerce. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yẹn wò: ẹgbẹ́ tí àwọn òyìnbó onílé-ìṣòwò ti ń jókòó, ni adúláwọ̀ kan wá di ọ̀gá lé wọn lórí.

Wọ́n rán ọmọbìnrin náà lọ sí Annie Walsh ní Freetown, ilé ìwé àwọn obìnrin tó ti wà láti ọdún 1849. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wọ Middle Temple, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ lọ́yà níbẹ̀. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé Christopher Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, 1879 ni tiẹ̀. Ọdún 54 ló wà láàrin òun àti Stella. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin ò ní orí. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, 1919 ni wọ́n tó ṣòfin pé obìnrin lè di lọ́yà.

Kò sì jókòó ti ìwé nìkan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà nínú WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí Ladipo Solanke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1925. Nígbà tí Dókítà Harold Moody sì dá League of Coloured Peoples, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, sílẹ̀ ní 1931, ó wà lára àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀.

Àjọkẹ́Ẹ̀bútéMẹ́tà
Haa! Èmi tí mo ṣe Gọ́fúmẹ́ǹtì ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí tíṣà tó dárúkọ rẹ̀ fún wa. Mungo Park ni wọ́n ń kọ́ wa.

Ṣẹ́gunMúṣin
Ẹ rọra o. Ẹ má bínú sí mi, mo máa ń sọ ti inú mi ni. Ọmọ ẹni tó jẹ́ olórí àwọn oníṣòwò Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé, ó di lọ́yà. Ó dáa. Kí ló wá kan ọmọ alákàrà níbẹ̀? Gbogbo àwọn "àkọ́kọ́" tí ẹ ń kà yìí, ẹ wò wọ́n dáadáa, ọmọ ẹni tó ní ni wọ́n. Moore, Ademola, Alakija, Thomas. Èmi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Mo kàn ní kí ẹ fi ohun tó ti ibẹ̀ kan ẹni tí kò ní hàn mí, kí á tó máa lùlù fún wọn.

Lọ́yàSúrùlérè
Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, ìbéèrè yẹn dáa, n ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti 1934. Obìnrin òyìnbó kan wà, Margery Perham, tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí gan-an lórí bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso Áfíríkà. Ó sọ̀rọ̀ ní Royal Society of Arts ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí ètò tí òyìnbó fi ń ti ẹ̀yìn ọba ṣèjọba lé wa lórí. Lord Lugard fúnra rẹ̀ ló ṣe alága. Lugard yìí kan náà tó so àríwá àti gúúsù pọ̀ ní 1914! Stella dìde láàrin wọn, òun nìkan ni obìnrin Áfíríkà tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì bẹnu àtẹ́ lu ètò náà lójú Lugard tó gbé e kalẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ni o. Tó bá jẹ́ pé ipò ló ń wá, ẹnu ló yẹ kó pa mọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá sílé, ó ṣí ṣéńbà, ọ́fíìsì lọ́yà, sí òpópónà Kakawa, níbí l'Érékùṣù. Ó ń gba ẹjọ́ ọ̀daràn, ó ń gba ti tọkọtaya. Ní 1943 ni ìjọba sọ ọ́ di májísíréètì, obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ibo ni wọ́n gbé e lọ? Ikeja. Kọ́ọ̀tù Ikeja ìgbà yẹn ló ń gbọ́ ẹjọ́ Agege, Ikorodu, Epe, Badagry, àti Mushin. Mushin tiyín nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹjọ́ ẹni tó jí adìẹ, ẹni tó bá onílé jà, ẹni tí ọlọ́pàá mú níbi tí kò yẹ: májísíréètì ni tálákà ń rí. Adájọ́ àgbà, àwọn olówó ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ṣẹ́gunMúṣin
Ẹ ti mú mi níbẹ̀ yẹn díẹ̀. Ẹ máa bá a lọ.

SàróOlówógbowó
Kí n fi kún un. Wọ́n tún fi í sí kọ́ọ̀tù àwọn ọmọdé, ní Saint Anna, ó sì jókòó ní kọ́ọ̀tù Botanical Gardens ní Ẹ̀búté Mẹ́tà. Ẹ rántí pé ọdún ogun Hitler ni 1943. Ọkọ̀ ojú omi ń wọlé, ó ń jáde ní Apapa àti Marina, àwọn sójà àti sélà kún ìgboro. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní ọmọ bóma, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n mú sélà lọ síbi tí ọtí àti obìnrin wà, kí wọ́n gba owó. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sùn lábẹ́ ìsọ̀. Irú ẹjọ́ tó ń dé iwájú kọ́ọ̀tù ọmọdé nìyẹn.

ỌmọEréko
Ẹ dúró, ẹ dúró. Níbi ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí ni mo fẹ́ bọ́ sí, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ ń sọ.

Ìyá tó bí ìyá mi, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ló ń tà ní Ereko. Màmá ò fẹ́ gbọ́ wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọmọdé, sétí. Ó ní bí ọkọ̀ wẹ́fíà bá yọ láti ìhà Tinubu, àwọn ọmọ tó ń kiri á gbé igbá kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tó bá sún mọ́ wọn jù, wọn á wọ agbo ilé lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ẹni tó ni ẹnu ọ̀nà náà á fi nǹkan bo igbá. Màmá gan-an ti jókòó lé igbá ẹ̀pà ọmọ tí kò mọ ìyá rẹ̀, ó na ìró bò ó, ó ń lọ ata bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà dúró lé e lórí, ó ní, "Màmá, ọmọ kan ò gba ibí kọjá?" Màmá ní, "Ata ni mò ń wò ní tèmi."

Lójú òyìnbó, ọmọ tó ń kiri ti bàjẹ́ tàbí ó ń lọ bàjẹ́. Lójú ìyá mi àgbà, ibẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ ìṣirò, ibẹ̀ ló ti ń mọ oníbàárà tó ń san owó àti èyí tó ń jẹ gbèsè, ibẹ̀ ni owó tí wọ́n fi ń ra ìwé ti ń wá. Òfin kan dé ní 1946 tí ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 ò gbọdọ̀ kiri ní ìgboro Èkó. Ṣé ẹni tó ṣòfin yẹn fún ìyá ní owó tí ọmọ ò ní pa mọ́?

Àwọn obìnrin ọjà ìgbà yẹn kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Alimotu Pelewura ni olórí wọn, ní Ereko wa níbẹ̀. Nígbà ogun tí ìjọba fẹ́ máa dá iye tí wọ́n á ta gàrí fún wọn, tí wọ́n fi Captain Pullen sí ìdí ẹ̀, Pelewura kọ̀ jálẹ̀. Kò mọ̀wé o. Àwọn tí wọ́n mọ̀wé ló ń gbèrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ń ka obìnrin aṣáájú, ẹ ka òun náà.

BàbáBáríga
Ìyá àgbà yẹn lọ́gbọ́n o. "Ata ni mò ń wò." Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi jí.

Lọ́yàSúrùlérè
Aunty Ereko, n ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin ọmọdé tó ṣáájú ti 1946 yẹn ṣe, yàtọ̀ sí kíkó igbá.

Children and Young Persons Ordinance, 1943 ni. Ó pín ọmọ sí méjì: ẹni tí kò tíì pé ọdún 14, àti ẹni tó wà láàrin 14 sí 17. Ó ní kí ẹjọ́ wọn má jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ti àgbàlagbà. Kí èrò ìran má wọlé. Kí ìwé ìròyìn má tẹ orúkọ ọmọ náà. Kí wọ́n ránṣẹ́ pe òbí. Kí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ wo ilé tí ọmọ náà ti wá kí májísíréètì tó dá ẹjọ́. Kí òfin yìí tó dé, ọmọ ọdún 12 lè dúró níwájú májísíréètì kan náà pẹ̀lú gbájúẹ̀ àgbà. Donald Faulkner, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá wẹ́fíà l'Ékòó, ló tì í lẹ́yìn jù. Mo gbà pé ojú òyìnbó ló fi wo àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí àga láti lo òfin náà l'Ékòó, obìnrin Èkó kan wà lára wọn, tó gbọ́ èdè àwọn ìyá yẹn. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

ỌmọEréko
Ó gbọ́ èdè wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ó kiri rí?

Àjọkẹ́Ẹ̀bútéMẹ́tà
🔥 Ẹ ò ní pa mí!

ÌyáÌbejìYábàá
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Mo ti ń kà á láti àárọ̀. Bàbá tó fi ìyá rẹ̀ búra ní Campos yẹn kò fi gbogbo ara ṣìnà. Aduke Alakija ló ń sọ. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ di lọ́yà, àmọ́ tí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ran èèyàn lọ́wọ́ jù nínú wọn, òun ni màá mú.

Ọmọ Sir Adeyemo Alakija ni, lọ́yà Èkó tó wà lára àwọn tó dá Daily Times sílẹ̀. Wọ́n bí Aduke ní 1921. Láti kékeré ló ti wà nílùú òyìnbó, ó kàwé ní Wales. Dókítà ni wọ́n fẹ́ kó dà, ó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn ní Glasgow, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ nípa ìgbé-ayé àwùjọ ní London School of Economics. Nígbà tó délé, kí ló ṣe? Wẹ́fíà! Ọmọ Alakija, tí ì bá jókòó sílé máa gbàlejò, òun ló ń sá sókè sódò nítorí àwọn ọmọ kọ́ọ̀tù ọmọdé. Ó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, kí wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lè kọ́ nǹkan.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ wò rèé. Iṣẹ́ wẹ́fíà yìí ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀ lé e. Ní 1949 ló padà lọ kọ́ òfin, 1953 ló di lọ́yà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a bá ti di lọ́yà tán, a ó wá máa wá ibi tí a ti lè ṣàánú. Tiẹ̀ yí padà. Ó ti rí ìyà àwọn ọmọ náà lójú, ó rí ibi tí ọwọ́ wẹ́fíà ò tó, ó wá lọ kó irinṣẹ́.

Ó ṣiṣẹ́ ní ṣéńbà J. I. C. Taylor kó tó dá dúró. Mobil gbà á gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn, ó sì di ọ̀kan lára àwọn dáírẹ́kítọ̀ wọn. Ó ṣe ààrẹ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà jákèjádò ayé. Láti 1984 sí 1987, òun ni aṣojú Nàìjíríà ní Sweden. Ó tún wà lára àwọn tó dúró fún ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn afọ́jú, Federal Nigeria Society for the Blind.

Ṣẹ́gunMúṣin
Ìyá Ìbejì, ẹ ti ṣẹ́gun Ṣẹ́gun. Ẹni tó ti wẹ́fíà dé òfin yẹn, màá kí i.

ỌmọEréko
Èmi náà á kí i. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ìyá mi àgbà ti gbé igbá kan pamọ́ fún òun náà rí.

BàbáBáríga
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Ṣé a lè rí ìwé ẹjọ́ tí Stella yìí dá? Mo fẹ́ ka ohun tó kọ.

Lọ́yàSúrùlérè
Bàbá, ìwé ẹjọ́ májísíréètì kì í sábà wọ inú ìwé ìdájọ́ tí wọ́n ń tẹ̀, ti ilé ẹjọ́ gíga ló ń wọ̀ ọ́. Ti ọmọdé sì ni èyí tó le jù, torí wọ́n kì í jẹ́ kí ará ìta rí i. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Igbosere ní oṣù October 2020. Ilé ẹjọ́ gíga tó ti pẹ́ jù l'Ékòó, iná jó o, ìwé jóná láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Eérú ìwé òfin ni mo rí, ìbànújẹ́ ni.

Ẹ lè gbìyànjú ibi ìkówèé-pamọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, nínú Yunifásítì. Àwọn ìwé ìjọba amúnisìn pọ̀ níbẹ̀, ti wẹ́fíà pàápàá. Ìwé ìròyìn ìgbà yẹn náà wà. Àwọn yẹn máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí obìnrin bá wọ ibi tí wọn ò rí i rí.

ỌmọÌtaFájì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ yìí lórí fóònù. Ó ní òun ò fẹ́ lọ sí ṣéńbà tó ń ṣe ti bánkì mọ́, pé ibo lòun ti lè bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ Aduke. Bàbá rẹ̀ máa pa mí o! Owó tó ti ná.

ÌyáÌbejìYábàá
Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó fọkàn balẹ̀. Aduke gan-an ṣe Mobil. Kí ọmọ náà máa ṣe ti bánkì láti Mọ́ńdè sí Fúráídè, kó máa yọ ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ lóṣù fún FIDA. Ẹ̀ka Nàìjíríà ti wà láti 1964, wọ́n wà l'Ékòó, wọ́n sì máa ń wá lọ́yà kékeré tó lè gba ẹjọ́ ọ̀fẹ́.

Ṣẹ́gunMúṣin
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀ ọ́, torí ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà ní ilé tó kọjú sí tiwa. Kò lè ju ọdún 11 lọ. Alẹ́ ni wọ́n máa ń nà án, wáyà ni wọ́n fi ń nà án, mo ti rí àpá lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń fa omi. Ọ̀rọ̀ ilé onílé ni, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á ní mo ń ya ojú sí wọn. Kí ni kí n ṣe?

Lọ́yàSúrùlérè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn wọn o. Tí wọ́n bá fura, wọ́n á gbé ọmọ náà padà sí abúlé lóru, ẹ ò ní rí i mọ́.

Láti 2007 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọmọ ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, bóyá tiwa ni tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé onílé ti tán níbẹ̀. Àjọ kan wà lábẹ́ ìjọba Èkó, DSVA, ìwà ipá nínú ilé ni iṣẹ́ wọn. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, tàbí kí ẹ lọ sí FIDA. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ gbọ́ igbe sílẹ̀. Ẹ sọ àpá tí ẹ rí àti ibi tí ẹ ti rí i. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ náà, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí Facebook, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ ní kí wọ́n má dárúkọ yín fún aládùúgbò náà.

ỌmọEréko
Kí ìyàwó yín bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ níbi omi kí ẹ tó lọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣeré. Kó bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀ àti abúlé tó ti wá. Wọ́n máa ń bi yín ní ìyẹn.

Ṣẹ́gunMúṣin
Ìyàwó mi ti ń ka èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òun mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ná, Badagry ni wọ́n ti mú un wá. Lọ́yà, ẹ fi nọ́ńbà FIDA yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀la la ń lọ.